Ṣé Ó Ṣì Wà?

Arówómọlé ni wọ́n ń pe àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́;
èmi ò rówó mọ pẹpẹ.
Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni a yà ní fọ́tò lọ́jọ́ náà,
àárọ̀ Ọjọ́rú, oòrùn ò tíì mú,
nítorí orúnkún mi ti kọ pẹ́dà,
owó wáẹ́kì Oyèyọjú sì ku ọ̀sẹ̀ méjì.
Mo fi òróró nù ún
bí ìgbà tí ènìyàn ń para fún ọmọ tuntun.
Oyèyọjú ló di fóònù mú.
Sílípáàsì rẹ̀ yọjú ní igun àwòrán,
èyí tó já, tí mo fi òwú pupa rán.
Mo ní kó yà á mìíràn.
Ó ní, "Màámi, ó ti wọlé lọ."

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin. Iye tí mo kọ nìyẹn.
Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn:
Ṣé ó ṣì wà? Ó wà.
Ṣé ó ṣì wà? Ó wà, ẹ wá wò ó.
Ẹnìkan láti Ṣakí bèèrè ní aago méjì òru,
mo dáhùn tán, ó dákẹ́ bí ẹní kú.
Ẹnìkan ní òun yóò san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá,
kí n sì gbé e wá bá òun nílé.
Ẹnìkan ò tilẹ̀ bèèrè ẹ̀rọ;
ó ní ṣé mo ní ọkọ.

Ọjọ́ kẹfà ni Adégbìtẹ́ dé,
orúkọ tó kọ sábẹ́ fọ́tò ọkùnrin onígíláàsì kan tó ń rẹ́rìn-ín.
Kò ná an. Ó yẹ kí n ti fura.
Ta ní í ra nǹkan nílẹ̀ yìí tí kì í ná an?
Ó pè mí ní Màámi. Ó bá orúnkún mi kẹ́dùn.
Ó ní ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ́mù n'Ílọrin,
oníkẹ̀kẹ́ òun ti dé Tákìé, ó ń bọ̀ lọ́nà.

Gbìn-ín! Fóònù mi dún.
Iye náà pé, gbogbo òdo rẹ̀ pé, orúkọ mi pé.
Mo bá wọn gbé ẹ̀rọ náà sínú kẹ̀kẹ́.
Okùn tí mo fi ń so ewúrẹ́ ni mo yọ̀ǹda.
Èmi náà ni mo tún ní,
"Ẹ rọra o, abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀."

Ní báǹkì, ọmọbìnrin náà wo kọ̀ǹpútà, ó wo ojú mi.
"Ìyá, ẹgbẹ̀rún méjì ó lé díẹ̀ ló wà ńbẹ̀."
Mo na fóònù sí i.
"Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni èyí. Ọ̀dọ̀ wa kọ́ ló ti wá."
Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ògiri:
ẹ tẹ ẹ̀ẹ̀ta fún Yorùbá. Mo tẹ ẹ̀ẹ̀ta.
Orin ni wọ́n fi sí mi létí títí owó ìpè mi fi tán.
Adégbìtẹ́ ńkọ́?
Onígíláàsì ti di òbìrìkìtì aláwọ̀ eérú.

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ta ni mo rí?
Ẹnìkan wà tó jẹ mí lówó aṣọ láti ọdún méje.
Mo mọ ilé rẹ̀, mo mọ ajá rẹ̀,
bí a bá fẹ́ pàdé lọ́nà Màsífà, á yà sí kọ̀rọ̀;
ìtìjú rẹ̀ yẹn pàápàá, owó ni.
Èyí ò jẹ mí ní ìtìjú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Oyèyọjú sáré wọlé.
"Màámi, ẹ wá wò ó."
Ẹ̀rọ mi ni. Fáràńdà mi ni.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́fà.
Ní igun àwòrán, sílípáàsì kan, òwú pupa.
Kò tilẹ̀ gé e kúrò.
Wáẹ́kì ti kọjá lọ láìdúró dè wá.

Mo jókòó. Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan:
Ṣé ó ṣì wà?
Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi dáhùn.
"Ó wà, Màámi. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sanwó o.
Àwọn èèyàn ò ṣeé fọkàn tán mọ́."